Kọ́tábáàkì Inú Fíìmù Tí Kò Lóhùn

13 Oṣù Kejì
Harlan Pruett, kọ́tábáàkì wa tó ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún gbogbo ẹgbẹ́, pè láti ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí. Ó ní orúnkún òun ti parí, òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi gbé gbogbo ẹgbẹ́ Ferrymen lé orúnkún kan ṣoṣo yẹn. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kiri fún wọn ní Toledo níbí, kọ́tábáàkì mẹ́tàdínlógún ló ti kọjá lójú mi. Ní ilé ọtí Marv, wọ́n kọ orúkọ wọn tẹ̀ léra wọn sára ògiri bí orúkọ àwọn tó kú sógun, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn aláìlójútì.

Bo já wọ ọ́fíìsì mi láìkànkùn. Curtis Bohannon ni orúkọ ẹ̀, òun ni ọ̀gá tó ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ á mú àti ẹni tí ẹgbẹ́ á lé. Ogún ọdún sẹ́yìn, èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn nínú mọ́tò lẹ́bàá pápá àwọn yunifásítì, tí ẹ̀rún bisikíìtì ń kún àyà wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀ lé mi, òun ló gbà mí síbí.

"Verlon, wá kọ́tábáàkì fún mi."

"Kí ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí, ẹja?"

"Mi ò ṣeré. Ìyá Hatchett ti bá mi sọ̀rọ̀. Kò pariwo o. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù."

Ìyá Hatchett ló ni ẹgbẹ́, ọkọ ẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì jẹ́ sọ ohun tí kò ní ṣe.

Afẹ́fẹ́ adágún ń wọnú egungun. Ẹyin méjìlá ti di dọ́là méje. Odessa ìyàwó mi ní a ò jẹ ẹyin mọ́ nílé yìí títí di Àjíǹde.

27 Oṣù Kejì, Indianapolis
Gbogbo ẹgbẹ́ ló wà níbí tí à ń wọn àwọn ọmọ bí ẹni ń ra màlúù. Ìwúwo, gíga, àtẹ́lẹwọ́ láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Mo ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún, ojú ṣì máa ń tì mí díẹ̀ tí wọ́n bá tò níwájú wa pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

Landry Quist wọ yàrá wa lágogo mẹ́jọ. Ọmọ Yunifásítì Platte ní Nebraska ni, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ wá sílé ní oṣù kọkànlá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo na kálàmù sí i, mo ní kó ya bí àwọn alátakò ṣe máa ń tò sára pátákó, kó sì sọ ẹni tó máa sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀. Ó ya gbogbo mọ́kànlá. Ó nù ún, ó tún òmíràn yà. Kò ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?" Bo bi í.

"A jọ kọ́ ọ ni, sà."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọmọ náà nírẹ̀lẹ̀.

3 Oṣù Kẹta
Odidi ọjọ́ nínú yàrá fíìmù. Bo gbé ìjábọ̀ mi jáde, ó kà á sókè fún gbogbo ilé: "Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka àwọn alátakò. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, ó ti nawọ́ sí ẹni tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, mi ò gbọ́dọ̀ purọ́, orí mi wú.

Mazurek tó jẹ́ kóòṣì kò gbà. Ó ní ká fi hàn òun. A fi hàn án. Quist dúró sẹ́yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó nà án sí ẹnì kan, ẹni náà gan-an ló sì sáré wá. Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sáré sí i báyẹn lọ́dún tó kọjá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò mọ̀ ńkọ́?" Mazurek bèèrè.

"Eré kan náà ni," mo dáhùn. "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó gbé kọfí ẹ̀ mu.

10 Oṣù Kẹta
Bo ti ṣe é. Ipò kẹrìnlá la wà lórí ìlà àwọn ẹgbẹ́ tó máa yan ọmọ yunifásítì lóṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, Quist ò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó mú un. Ó fi ipò wa tọdún yìí, tàmọ́dún àti tọdún tó tẹ̀ lé e ra ipò kejì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́ta wa, lórí ọmọ kan. Inú mọ́tò ló ti pè mí.

"Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni o, Verlon."

"Mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà ni mo ra páì ápù, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó délé. Odessa ní kí ló dé tí mi ò lè jẹun alẹ́.

13 Oṣù Kẹta, Nebraska
Quist ju bọ́ọ̀lù méjìlélọ́gọ́ta fún wa nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀. Apá ńkọ́? Ọmọ yẹn lápá! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lé e, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ léegun. Ẹni tí kò bá sí nínú ewu, apá ẹ̀ nìkan lèèyàn lè mọ̀.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Wọ́n ti ti òpópónà ńlá pa.

14 Oṣù Kẹta
A há. Ilé àlejò tó jẹ́ dọ́là mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lánàá ti di mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Onílé ní yìnyín ló fà á, bí ẹni pé yìnyín ló ń gba owó náà. Àwa mẹ́fà láti ẹgbẹ́ mẹ́fà la wà nínú ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tó ṣí, tí à ń parọ́ fún ara wa. "Quist kẹ̀? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wúwo jù." "Àwa ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Òpùrọ́ ni gbogbo wa.

15 Oṣù Kẹta
Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Ìyá kan wọlé wá yá iná ní ilé oúnjẹ láàárọ̀, Ardith Kolar lorúkọ ẹ̀. Òun ló ń gbé ẹ̀rọ agbohùn tó gùn bí ọ̀pá ìpẹja dání ní etí pápá fún rédíò ìlú yìí, láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú. Ó wò wá títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń wo eré láìgbọ́ ọ, àbí? Ojú yín mà pọ̀ o. Etí dà?"

Àwọn tó kù fi àwo oúnjẹ bojú. Èmi ni mo dá a lóhùn, nítorí kò sí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó ní ohùn gbogbo eré tọdún tó kọjá wà ní ilé òun, kí n wá gbọ́ ọ, pé ó sàn ju kọfí tí mo ń mu lọ. Mo tẹ̀ lé e nínú yìnyín tó dé orúnkún.

Ó ṣí i. Mo gbọ́ èémí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn kan tó rinlẹ̀, ohùn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe màlúù wálé, tó ń pe nọ́ńbà ara aṣọ àwọn alátakò: "Méjìléláàádọ́ta! Méjìléláàádọ́ta ló ń bọ̀! Ẹ sún sósì!"

"Ohùn Quist rinlẹ̀ tó báyìí?" mo ní.

"Quist kọ́. Emmett ni, ọmọ Sedlacek. Sẹ́ńtà."

Sẹ́ńtà ni ẹni tó ń tẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù níwájú, tó ń ti í sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sọ́wọ́ kọ́tábáàkì. Mo bi í pé Quist wá ńkọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ohùn kékeré kan dé, ó sún mọ́ra, ó ń bẹ̀rù: "Ta ni, Em?" "Mọ́kànléláàádọ́ta, lọ́tùn-ún ẹ!" "Mo ti gbọ́."

Mo sáré lọ gbé kọ̀ǹpútà mi. Mo fi fíìmù wa ṣe ẹgbẹ́ ohùn rẹ̀, mo sì tẹ àwọn méjèèjì papọ̀. Ohùn Sedlacek ló ń ṣáájú. Ọwọ́ Quist ló ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà. Fíìmù tiwa kò lóhùn, kò ní in rí, láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí rẹ̀. Sẹ́ńtà á tẹ̀ ba, á kẹ̀yìn sí wa, ìdí rẹ̀ nìkan la máa ń rí. Àwa ọ̀jọ̀gbọ́n inú yàrá fíìmù wo ìdí ọmọkùnrin yẹn fún oṣù márùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú wà.

Mo bi Ardith léèrè eré ọjọ́ òjò.

"Ọrùn ẹsẹ̀ Emmett yẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò gbá a."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Ó fún mi ní ẹ̀dà ohùn náà láìgba kọ́bọ̀. Ó rò pé inú mi dùn.

16 Oṣù Kẹta
Wọ́n ṣí ọ̀nà lọ́sàn-án. Dípò kí n kọrí sílé, oko àwọn Sedlacek ni mo gbà lọ. Àsìkò tí màlúù ń bí ni. Emmett wà nínú ọgbà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó kúrú, ó fẹ̀, irú èyí tí kò sí ẹgbẹ́ tó máa yàn án nítorí apá ẹ̀ kò gùn. Kí n tó sọ ohun tí mo wá ṣe, ó ti mọ̀.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ìyá rédíò. Kò mọ ohun tó sọ."

Ó nu ọwọ́. "Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni Landry o. Tí àwọn alátakò bá dúró, ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Tí wọ́n bá ti ń rìn ni gbogbo ẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ní ọdún kejì wa, ó ń gbọ̀n. Mo ní, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, màá máa sọ fún ẹ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ó lè kọ́ ọ?"

"Ó lè kọ́ ọ. Kí ó jókòó sẹ́yìn àgbà kan fún ọdún méjì, á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yàn án ní ipò kejì, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó. Wọ́n á tì í sí iwájú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á pa á, sà. Mi ò sọ àsọdùn. Ẹni tí kò bá rí èyí tó ń bọ̀ kì í lè yẹ̀ ẹ́." Ó wò mí tààrà. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó yàn án. Tó bá já wálẹ̀ sí ipò ogójì, ipò ọgọ́ta, ó ti yè."

Mo ní màá sọ. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù gbẹ sí mi lọ́wọ́ títí mo fi dé Iowa.

18 Oṣù Kẹta
Bo ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kí i, mo kọjá.

21 Oṣù Kẹta
Mi ò tíì sọ fún un. Òjò.

26 Oṣù Kẹta
Mo ti ilẹ̀kùn Bo mọ́ àwa méjèèjì, mo sì gbé ohùn náà sí i létí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ta ló tún gbọ́ eléyìí?"

"Ìwọ. Ìyá kan ní Nebraska."

"Ó dáa. Kó parí síbẹ̀."

"Bo!"

"Bo kí ni? Mo ti fi ọdún mẹ́ta wa sílẹ̀ níbẹ̀! Kí n wá lọ bá Ìyá Hatchett, kí n ní, 'Ẹ dákun mà, ojú ẹlòmíràn la rà mọ́ apá tiẹ̀'? Ta ló kọ ọ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ń kà wọ́n? Bí Bo bá kọ ọ́, sọ pé Bo ni."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ó ṣe tán."

"A ṣì lè lo ipò kejì yẹn fún ẹlòmíràn. Ká fi Quist sílẹ̀, ó máa já wálẹ̀, ó tiẹ̀ máa dáa fún un."

"Ta ni ẹlòmíràn náà? Ọmọdébìnrin tó ń ta ọtí ní Marv mọ̀ pé Quist la fẹ́ mú!" Ó yí ojú sí fèrèsé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. A ó kọ́ ọ. Ó ku ọdún kan ààbọ̀ kí o fẹ̀yìn tì, Verlon. Má pa wá, ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́."

Kò bẹ̀ mí rí, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo bínú sí i pé ó bẹ̀ mí. Tó bá bú mi ni, ì bá rọrùn.

2 Oṣù Kẹrin
Odessa ní mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, pé mo ń ka nọ́ńbà. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó pa tẹlifíṣàn.

"Kí lorúkọ ìyá ọmọ náà?"

"Quist? Mi ò mọ̀."

"O mọ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, o ò mọ orúkọ ìyá ẹ̀." Ó dìde lọ fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ sì lo wà lọ́jà, Verlon."

Mo mọ̀. Ṣé mo ní mi ò mọ̀ ni?

9 Oṣù Kẹrin
Lónìí ni ìdúró. Ọkọ Ìyá Hatchett ló dá a sílẹ̀ láyé ẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yan ọmọ, gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí ìwádìí ẹni àkọ́kọ́ á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, á dárúkọ ara ẹ̀, á sì ní, "Mo fi orúkọ mi sí i." Ẹni tí kò bá fẹ́ á jókòó. Ẹni tó bá jókòó, wọn ò ní bi í ní ìdí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà á pè é sí ilé. Lójú mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹnì kan ti jókòó rí, ọmọ tí wọ́n torí ìjókòó yẹn pa tì lọ́jọ́ náà ò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan tó dáa títí dòní.

Ìyá náà jókòó sí ìdí tábìlì níwájú wa pẹ̀lú swẹ́tà àwọ̀ ewé, ó di ojú. Ó ní ojú máa ń tan òun, pé ohùn èèyàn lòun fẹ́ gbọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo rántí ilé Ardith.

Mazurek dìde. Ó fi orúkọ ẹ̀ sí i. Àwọn tó kù dìde. Bo dìde, ohùn ẹ̀ mọ́ kedere. Ó ku èmi. Mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó má dìde. Mo sọ fún un gan-an ni, nínú ọkàn mi, bí ẹni ń bá ajá sọ̀rọ̀: jókòó. Bo kò wò mí. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ lórí tábìlì, ó kó wọn pọ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Mo dìde.

"Verlon Teague. Mo fi orúkọ mi sí i."

Ìyá náà la ojú. "O ṣé, Verlon. Ìwọ gan-an ni mo ń dúró dè."

Mo lọ fara pamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ títí gbogbo wọn fi lọ tán. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́jọ.

17 Oṣù Kẹrin
Oòrùn ràn. Wọ́n ti ń ta aṣọ tí wọ́n kọ QUIST sí lẹ́yìn ní ẹ̀bá odò, a ò sì tíì yàn án.

20 Oṣù Kẹrin, Àjíǹde
Odessa ra ẹyin, ó dín in. Kò bá mi jẹ ẹ́.

24 Oṣù Kẹrin
Wọ́n pe orúkọ Quist. Gbogbo yàrá fò sókè, Mazurek dì mọ́ mi bí ẹni tó rí ọmọ ẹ̀ tó sọnù. Bo pè é lórí fóònù, ó sì ṣí i kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Landry! O ti di ara Toledo, ọmọ mi!"

À ń gbọ́ ariwo ìdílé ẹ̀ lẹ́yìn, ẹnì kan ń sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!"

26 Oṣù Kẹrin
Ìpele keje yíyan ọmọ, tó kẹ́yìn. Wọn ò tíì pe Emmett Sedlacek. Mo sọ ọ́ sí Bo létí pé ká mú òun náà. Ó mi orí. "Tá a bá mú sẹ́ńtà ẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn á bèèrè ìdí. Wọ́n á lọ wádìí." Mo ní ṣé ó tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara ẹ̀ jáde. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí yíyàn parí, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè pe ẹni tí kò rí ẹni yàn án. Mo jáde síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo pe Emmett fúnra mi.

"Máa bọ̀ ní Toledo. Màá wá àyè fún ẹ."

"Ẹ ti sọ fún wọn, sà?"

Mo gbọ́ màlúù lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ ò sọ fún wọn," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹ ò sì sọ fún wọn. Tí mo bá wá báyìí, màá tún máa ríran fún un, ẹ̀yin á sì tún máa pè é ní ojú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fọ́ mi lórúnkún, kí ló máa kù? Ẹ ṣeun, sà. Màlúù kan ń rọbí lọ́wọ́ mi."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó dúró kí n kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀.

10 Oṣù Karùn-ún
Ọjọ́ kejì tí àwọn ọmọ tuntun ti wà lórí pápá. A kì í wó ara wa mọ́lẹ̀ nínú oṣù karùn-ún, eré lásán ni. Sẹ́ńtà tuntun tẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, ó bi Quist pé, "Ta ló ń bọ̀?" Mo dúró síbi tí mo ti lè gbọ́, mi ò sì jẹ́ gbé ìgbésẹ̀ kan jìnnà mọ́. Quist wo ọ̀tún, ó wo òsì. Wọ́n ti ń rìn. Ó nawọ́. Ẹlòmíràn pátápátá ló já dé àyà ẹ̀, tó rọra fọwọ́ kàn án léjìká. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fun fèrè. Mazurek ní ara ọmọ náà kò tíì balẹ̀ ni.

Ó wá bá mi níbi tí omi wà. Ó bọ́ akoto orí ẹ̀.

"Emmett ní ẹ wá sí oko àwọn."

"Mo wá."

"Lóṣù kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mu omi, ó tú u dànù. "Mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi, sà. Ní Indianapolis, ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ bàbá mi ti ń sọ fún gbogbo ìjọ, mọ́mì mi ti ra aṣọ. Mo ní, àwọn àgbà yìí, iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n á rí i. Nígbà tí Emmett sọ pé ẹ ti mọ̀, mo sùn lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kìn-ín-ní. Mo ní, ó ti parí, wọ́n á jẹ́ kí n lọ jókòó níbì kan kí n kọ́ṣẹ́." Ó ń yí akoto ẹ̀ lọ́wọ́. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?"

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní. "Tó bá di oṣù kẹsàn-án, wọn ò ní fọwọ́ kàn mí léjìká."

Mo bi í ní orúkọ ìyá ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ó ní Karin.

11 Oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àwọn Ìyá
Inú mọ́tò ni mo ti ń kọ eléyìí, níwájú ilé Ìyá Hatchett ní Perrysburg. Mo pe Bo kí n tó kúrò nílé, nítorí ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Mo ní mò ń lọ sọ fún un, pé èmi ni mo kọ ìjábọ̀, èmi ni mo dìde, pé mi ò ní dárúkọ ẹ̀ àyàfi tí ìyá náà bá bèèrè. Ó ní yóò bèèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò bèèrè. Ó wá ní, "Verlon, o ò lè dúró kó di Ọjọ́ Ajé?" Mo ní tí mo bá dúró di Ọjọ́ Ajé, màá dúró di oṣù kẹsàn-án. Ó pa fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n má ti ọmọ náà síwájú lọ́dún yìí. Kí wọ́n wá àgbà kan tí orúnkún ẹ̀ ṣì gbé e dúró, kí Quist jókòó tì í. Kí wọ́n pe Emmett náà tó bá gbà, pẹ̀lú orúkọ ara ẹ̀ àti owó tó tọ́ sí iṣẹ́ ẹ̀. Tèmi, kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Odessa ti ní ẹyin ò ṣe dandan.

Mọ́tò àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ kún ojú ọ̀nà. Wọ́n ń jẹun, mo rí orí wọn lójú fèrèsé. Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo ti wà níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣáná sí mọ́tò láti lọ.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Òun fúnra ẹ̀ ni, ó fọwọ́ bo ojú kúrò nínú oòrùn, ó ń wo mọ́tò mi. Ó ń pè mí ní orúkọ.

Mò ń bọ̀, mà.